Orúkọ Ẹrú Ni Bakhita?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, fẹ́ gba kọnfaméṣàn, òróró tí Bíṣọ́ọ̀bù máa ń fi sí wa níwájú orí ní ìjọ Kátólíìkì, tá a sì máa ń yan orúkọ ẹni mímọ́ kan níbẹ̀. Bakhita ló ní òun máa jẹ́. Ìyá ọkọ mi fárí gá: wọ́n ní orúkọ ẹrú ni, orúkọ sì ń ro ọmọ, kó yáa jẹ́ Theresa bíi tiwọn. Ọkọ mi ò dá sí i. Ṣé a tún máa ṣe afidéfíìtì sí orúkọ tuntun náà ni?
Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Má ná kọ́bọ̀ sórí afidéfíìtì, ọmọ mi. Orúkọ kọnfaméṣàn ò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ìwé WAEC. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ Oǹdó lẹ ti ṣèsàmì fún un, Fadá yín ní Àkúrẹ́ á ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìsàmì pé ó ti gbà á.

Ti Màmá, ìyá ọkọ rẹ, ló gba sùúrù. Wọn ò parọ́, wọ́n kó Bakhita lẹ́rú lóòótọ́. Ní Darfur, ní Sudan, ni wọ́n ti jí i gbé ní kékeré. Ojú ẹ̀ rí màbo débi pé ó gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ajínigbé yẹn ló ń pè é ní Bakhita, èyí tó túmọ̀ sí Olóríire lédè Lárúbáwá. (Ẹ gbọ́ yẹ̀yẹ́!) Àmọ́ orúkọ náà ro ó. Ó dé Ítálì, kóòtù dá a sílẹ̀ ní 1889, ó gba ìsàmì àti kọnfaméṣàn lọ́jọ́ kan náà ní oṣù kìíní 1890, ó di sísítà. Ní ọdún 2000, Póòpù kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́. Ṣé orúkọ tí Màmá ń sá fún nìyẹn?

Má bá wọn jiyàn o. Jẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ kúnlẹ̀ sọ ìtàn náà fún wọn. Bí kò bá rí i sọ, á jẹ́ pé dídùn létí ló rí. Kó kúkú jẹ́ orúkọ ìsàmì ẹ̀ lọ. Àṣà ni orúkọ míì, kò sí òfin tó fi dandan lé e.

Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló yan Perpetua fún mi, ó ní ó ń dún bí òyìnbó gidi. Bíṣọ́ọ̀bù dé iwájú mi, òróró ń dán látàǹpàkò wọn, wọ́n ń retí orúkọ, orúkọ bá fò lọ! Ìyá ìsàmì mi, tó gbọ́wọ́ ọ̀tún lé mi léjìká, ló fi èékánná tẹ̀ mí, tó sọ ọ́ sí mi létí. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni Perpetua, ará Carthage, ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n torí ìgbàgbọ́ ẹ̀.

Bí Màmá bá ṣì fajú ro, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 8 oṣù kejì ni ọdún Bakhita, ìrẹsì á wà. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ náà gàdàgbà sára káàdì ẹ̀; «h» ń bẹ lẹ́yìn «k», àwọn akọ̀wé párísì máa ń jẹ ẹ́.