Iná ara àpótí dísíìkì: kí ni kí n wò nínú kóòdù driver rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n gbé patch (àtúnṣe kóòdù) kan fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Driver kernel Linux ni, ìyẹn kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ láti inú ọkàn Linux; òun ló ń tan iná ara àpótí tí wọ́n to dísíìkì NVMe sí. Mo ti dán an wò, iná sì ń tàn. Kí ló tún kù?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó pọ̀ o. Lára dísíìkì wo ni iná ọ̀hún ti tàn? Ká ní dísíìkì kan kú nínú RAID 5, ìyẹn dísíìkì púpọ̀ tí wọ́n dà pọ̀ kí dátà má baà sọnù bí ọ̀kan bá kú. Ẹni tó wà ní yàrá server kò mọ̀ ọ́n, kò mọ kóòdù. Ibi tí iná bá ti ń ṣẹ́jú ni yóò ti fà á yọ. Bí iná bá lọ tàn sí ihò kẹrin nígbà tó jẹ́ pé ìkẹta ló kú, dísíìkì tó yè ló fà yọ yẹn, RAID 5 kò sì lè fara da àdánù méjì. Nítorí náà, ibi tí kóòdù ti ń so nọ́ńbà ihò mọ́ dísíìkì ni kí o kọ́kọ́ kà. Ṣé láti 0 ló ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí láti 1? Ṣé àpótí ló sọ nọ́ńbà yẹn fún driver, àbí ẹni tó kọ ọ́ kàn méfò?

Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó kọ patch náà pé kí ló dé tó fi kọ tuntun. Kernel ti ní ọ̀nà méjì nílẹ̀: ses.c fún àpótí tó ń sọ èdè SES (ìlànà SCSI fún bíbá àpótí dísíìkì sọ̀rọ̀), tó ń yọ fáìlì fault (iná pé dísíìkì bàjẹ́) àti locate (iná tó ń fi ibi tó wà hàn) síta lábẹ́ /sys/class/enclosure, àti npem.c fún NPEM, ìlànà iná àpótí ti PCIe (ọ̀nà tí dísíìkì NVMe fi so mọ́ kọ̀ǹpútà), tó wọlé ní Linux 6.13, tó ń lo /sys/class/leds.

Tó bá jẹ́ NPEM ni, fara balẹ̀ síbi register control, ìyẹn àyè kékeré inú ẹ̀rọ tí a ń kọ àṣẹ sí. Inú register kan ṣoṣo yẹn ni bit (àmì 0 tàbí 1) locate, fail, rebuild àti àwọn yòókù jọ wà. Kóòdù á kà á, á yí bit kan padà, á sì kọ ọ́ padà. Bí ẹni méjì bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà láìsí mutex (títì tó ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é lẹ́ẹ̀kan), ọ̀kan á pa iṣẹ́ èkejì rẹ́: o tan locate, fail sì kú. Lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ dúró de bit tó ń sọ pé àṣẹ ti parí, títí dé ìṣẹ́jú àáyá 1. npem.c máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní 10 ms sí 10 ms, ó sì ń sùn láàárín. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo brightness_set_blocking, ọ̀nà títan LED tó gbà kí kóòdù sùn. Bí o bá rí spinlock (títì tí kóòdù kò gbọ́dọ̀ sùn nínú rẹ̀) tó yí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ká, dá patch náà padà kíá.

Má sì gba ohun tí àpótí bá sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ní 2023, wọ́n ní láti tún ses.c ṣe níbi mélòó kan torí pé ó ń kà kọjá òpin buffer (àyè ìrántí tí a yà sọ́tọ̀ fún dátà), nítorí ó gba gígùn tí àpótí pè fún un bẹ́ẹ̀.

Tó o bá fẹ́ dán an wò, tan locate àti fail pọ̀ lára dísíìkì kan, kó o fà á yọ bí iná ṣe ń ṣẹ́jú lọ́wọ́, kó o wá ka dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ). Server gidi ni kó o ti ṣe é o, àmọ́ kì í ṣe èyí tí àwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́.