Guinea pig tó darúgbó tó yọ kókó: ṣé iṣẹ́ abẹ di dandan?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Áfáà. London ni à ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ń sin guinea pig kan, ẹranko kékeré tó jọ eku, tó ti pé ọdún 6 báyìí. Kókó méjì yọ sí i lára. Èyí tó wà lẹ́yìn rọ̀, èyí tó wà nídìí ọmú le, ó sì ń tóbi sí i. Dókítà ẹranko ní òun lè gé wọn, owó rẹ̀ á tó £450. Látìgbà tí mo ti sọ ọ́ láàárín àwọn ìyá ní mọ́sálásí wa ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Áfáà kan ní ìná àpà ni, àti pé àṣà òyìnbó ni. Arábìnrin kan ní tí mi ò bá ṣe é, èmi àti obìnrin tó de ológbò mọ́lẹ̀ títí tó fi kú ò yàtọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n gba hántù £60, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ aaya Kùránì tí wọ́n kọ sí wàláà, kí n fi máa wẹ̀ ẹ́. Bàbá ọmọ ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ní haramu nìyẹn. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlámù wàráhmátúlláhì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ìyá wa, iṣẹ́ abẹ kò di dandan lé yín lórí. Ohun tó di dandan ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹran náà sílẹ̀ sínú ìrora. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, àwọn tó ń jà yìí ni kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó pè é ní ìná àpà dùn mí, nítorí áfáà ni. Aaya inú Suuratul-Israi tó pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá Ṣàìtánì kò bá ẹni tó náwó láti mú ìrora kúrò lára ohun ẹlẹ́mìí wí. Bukhari àti Muslim gba ìtàn ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òǹgbẹ fẹ́ pa, tí Ọlọ́hun sì forí jì í. Àwọn sàhábé bèèrè bóyá láádá wà fún wọn lára ẹranko. Ànábì ní láádá wà lára gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí. Ní ti àṣà òyìnbó, ṣebí Abu Umayr, àbúrò Anas, ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ànábì fúnra rẹ̀ ló tu ọmọdé náà nínú. Òyìnbó wo ló kọ́ wọn?

Arábìnrin tó sọ̀rọ̀ ológbò náà ti kọjá àyè. Obìnrin inú hádíìsì yẹn kò fún ológbò lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin ń bọ́ tiyín, ẹ sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hádíìsì dẹ́rù bà yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Lójú ọ̀nà Imaamu Maalik tí àwa Mùsùlùmí Yorùbá ń tọ̀, Khalil, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ọ̀nà náà, sọ nínú ìwé òfin rẹ̀, Mukhtasar, pé ó tọ́ láti pa ẹran tí a kì í jẹ bí ìrètí bá ti pin lára rẹ̀. Àwọn tó ṣàlàyé rẹ̀ mẹ́nu kan kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka, wọ́n sì ní kí ẹran náà lè sinmi ni. Ojú ọ̀nà Shafii ló kọ̀ ọ́, wọ́n ní ẹran tí a kì í jẹ, a ò gbọdọ̀ pa á kódà kó baà lè sinmi. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn kà nìyẹn tí wọ́n ń sọ̀kò rẹ̀ lu gbogbo èèyàn, bí ẹni pé Imaamu kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun dá. Guinea pig kò tilẹ̀ sí nínú àríyànjiyàn yẹn lójú ọ̀nà tiwa. Koríko ló ń jẹ, kò ní eyín apẹran, kò sí ẹ̀rí tó sọ ọ́ di èèwọ̀. Ẹran tí a lè pa jẹ, báwo ni pípa á kó lè sinmi yóò ṣe wá di haramu? Mi ò ní kí ẹ jẹ ẹ́ o! Wọ́n tún lè ní ọ̀bẹ ni kí ẹ fi dúńbú rẹ̀. Dídúńbú wà nítorí jíjẹ, kò pọn dandan nítorí ìsinmi. Hádíìsì Shaddad ọmọ Aws tí Muslim gbà wá ni pé tí a bá fẹ́ pa, kí á pa á dáadáa. Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ mú un sùn kó tó dá ọkàn rẹ̀ dúró bá ìyẹn mu. Òkú ẹran ló máa dà lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣe é jẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ń kánjú. Ẹ ò tíì mọ ohun tí kókó náà jẹ́, ìrètí wo ló ti pin? Èyí tó rọ̀ lẹ́yìn lè jẹ́ ọ̀rá lásán. Bí kò bá bẹ́, tí kò sọ ọyún, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó wà nídìí ọmú ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ ní kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ wò, kó sì ya fọ́tò àyà rẹ̀ bóyá ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ti ràn, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án.

Bí kò bá tíì ràn, ẹ ro ewu rẹ̀ dáadáa. Ọdún 5 sí 8 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò láyé, tiyín sì ti lo 6. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ní Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2008, fi hàn pé nínú 100 guinea pig tí wọ́n fún ní oògùn oorun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 tó kú. Ti ológbò kò tó 1 nínú 400. Bí ó bá tún jí tí kò jẹun, ìfun rẹ̀ lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìyẹn náà ń pa wọ́n. Nítorí náà, bí ó bá ń jẹun dáadáa, tí kò rù, tí £450 náà kò sì kúrò nínú owó ilé tàbí oúnjẹ ọmọ, ẹ ṣe é, láádá wà ńbẹ̀. Bí ọ̀kan bá yingin níbẹ̀, oògùn ìrora ni kí ẹ máa fún un. Ọjọ́ tó bá kọ koríko tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ tó tọ́.

Ní ti hántù, ẹ fi £60 yẹn sápò yín. Sàhábé wo ló ta omi hántù fún ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn? Àdádáálẹ̀ ni kí èèyàn sọ ìdààmú ọkàn ìyá àti ọmọ di ọjà. Kí ẹni tó ń ta á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ gbàdúrà fún un fúnra yín, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Bí ó bá kú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ sin ín, kò sí jànásà, kò sí fìdáù. Ẹ má purọ́ fún ọmọ pé ó sá lọ. Kí èsì ohun tí dókítà fi abẹ́rẹ́ fà wò tó dé, ẹ má gba déètì iṣẹ́ abẹ kankan, tó bá sì dé, ẹ kọ̀wé sí mi.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.