Ẹ Béèrè, Kí A Dá Yín Lóhùn: Ọ̀sán Kan Nínú Ihò Àwọn Àwòrán Àtijọ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àbíkẹ́yìn wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, wá kí wa láti Abẹ́òkúta, gbogbo wa sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní agbègbè Dordogne ní ilẹ̀ Faransé nínú oṣù kẹjọ. Àkọ́bí wa ti kà nípa ihò Lascaux ní ilé ìwé, ó sì ti fi ọkàn sí i pé òun yóò fi ojú ara òun rí àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ìgbà tí a wádìí ni a gbọ́ pé ẹ̀dà ni wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun kò lè sanwó wo ayédèrú. Màmá ní orúnkún àwọn kò gbé òkè gígùn mọ́, wọ́n sì tún ń béèrè bóyá kì í ṣe ojúbọ ni ibẹ̀. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni a ní fún un. Ibo ni kí a lọ? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Peckham.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo, ihò Rouffignac ni kí ẹ lọ. Ojúlówó ni àwọn àwòrán ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ń lo iná mànàmáná ni ó sì ń gbé àlejò wọ inú rẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé orí ìjókòó ni Màmá yóò wà ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Ihò Font-de-Gaume náà ní ojúlówó, àwòrán rẹ̀ sì lẹ́wà gidigidi, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnu rẹ̀ ga, inú rẹ̀ sì há. Kò bá orúnkún Màmá àti ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 4 mu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Bàbá Ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ lórí Lascaux, nítorí pé ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn dùn mí díẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọ inú ihò náà, tí wọ́n sì rí àwọn ẹṣin, àgbọ̀nrín àti àwọn akọ màlúù tí ọ̀kan nínú wọn gùn ju mítà 5 lọ. Wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1948, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ débi pé ó máa ń tó 1,000 ènìyàn lójúmọ́. Èémí wọn, ooru ara wọn àti iná tí wọ́n tàn síbẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ba ihò náà jẹ́: ohun aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí í máa ń bo ògiri tí omi ń rin, bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára àpáta, omi sì ń dì mọ́ ojú àwòrán. Ní ọdún 1963, André Malraux, tí ó jẹ́ mínísítà àṣà nígbà náà, ní kí wọ́n tì í pa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà apá kan rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ẹ̀dà tí ó kún ju ìyẹn lọ sí ẹ̀bá ìlú Montignac, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ọwọ́ ni àwọn ayàwòrán fi kun ún, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ẹni tí ó bá ń ṣe ayédèrú fẹ́ tan ènìyàn jẹ ni. Èyí dà bí ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí a ń mú kiri kí ojúlówó lè wà ní ìpamọ́ nínú àpótí. Bí ẹ bá tún padà lọ sí agbègbè náà, ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀.

Ní ti Rouffignac, gbogbo ọ̀nà inú ihò náà tó kìlómítà 8, nǹkan bí kìlómítà 1 sì ni ọkọ̀ ojú irin náà ń bá lọ. Bí ó ṣe ń wọlé ni ìmọ́lẹ̀ ìta ń tán lẹ́yìn yín. Kí ẹ tó rí àwòrán kankan, ẹ ó rí kòtò roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: àwọn béárì àtijọ́ ni ó fi ọwọ́ gbẹ́ wọn láti sùn sínú wọn nígbà òtútù, ipa èékánná wọn sì wà lára ògiri títí di òní. Àwọn ọmọ yín kò ní gbàgbé ìyẹn.

Ẹranko mammoth ni ó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán ibẹ̀, èyí tí ó jọ erin ṣùgbọ́n tí irun gígùn bo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n ju 150 lọ. Àwọn kan jẹ́ ìlà dúdú, àwọn kan sì jẹ́ fífín sára àpáta. Nígbà tí èmi àti ẹbí mi lọ, ẹni tí ń ṣamọ̀nà wa dá ọkọ̀ náà dúró níbi ògiri kan tí a kò rí ohunkóhun lára rẹ̀. Ó gbé iná ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú àpáta kọjá ní ìdábùú, ni mammoth ńlá kan bá yọ sí wa: ojú rẹ̀, eyín rẹ̀ tí ó tẹ̀, irun iwájú orí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi di apá mi mú. Ní iwájú díẹ̀, ọ̀wọ́ mammoth méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn lójúkojú, àwọn àgbáńréré mẹ́ta sì tò tẹ̀lé ara wọn ní ibòmíràn. Ní ìparí ọ̀nà, gbogbo ènìyàn yóò sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ àjà àpáta kan tí ẹṣin, bison (irú màlúù igbó onírun kan), ewúrẹ́ orí òkè àti mammoth kún fọ́fọ́. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ súnmọ́ àjà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdùbúlẹ̀ ni àwọn ayàwòrán wà tí wọ́n fi yà á. Òde òní ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà kí a lè dúró. Ẹ fi èyí yé àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó ya ẹṣin gígùn yẹn kò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó ń yà á.

Fún ọmọ ọdún 4 yín, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ní apá kan ihò náà, àwọn ènìyàn fi ìka fa ìlà sára àjà tí ó rọ̀ bí amọ̀. Àwọn olùwádìí wọn fífẹ̀ àwọn ìka wọ̀nyẹn, wọ́n sì rí i pé ti àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè tó àjà níbòmíràn, àfi kí àgbàlagbà gbé e sókè.

Ẹ sọ fún Màmá pé kò sí ẹni tí ń rúbọ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ kí àlejò kúnlẹ̀ fún. Henri Breuil, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí irú àwòrán wọ̀nyí, tí ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yẹ Lascaux wò ní ọdún 1940, àlùfáà ìjọ Àgùdà ni.

Ẹ mú súwẹ́tà àti ìborùn Màmá dání, nítorí pé bí oòrùn tilẹ̀ ń ran níta, inú ihò kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Àbẹ̀wò náà tó wákàtí kan, nítorí náà kí gbogbo ọmọ ti lọ tọ̀ kí ẹ tó wọlé. Wọn kì í gbà kí ènìyàn ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ kankan kan ògiri.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ irú nǹkan báyìí wà ní Nàìjíríà? — Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ó wà, sà. Ní Birnin Kudu, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, àwòrán màlúù tí kò ní iké wà lára àpáta, àwọn òkúta tí ènìyàn ń lù bí agogo sì wà nítòsí wọn. Ní ìtòsí yín gan-an ni Ihò Eléérú wà, ní Ìsàrun. Kò ní àwòrán ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1965 ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wú egungun ènìyàn kan jáde níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́. Ọjọ́ orí egungun náà tó nǹkan bí ọdún 13,000, iye ọdún kan náà tí àwọn onímọ̀ fún àwọn àwòrán mammoth Rouffignac. Nígbà tí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ àjà tí ó ń ya ẹṣin ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ènìyàn ti ń dáná nínú ihò ní Ìsàrun.