Má há sẹ́ẹ̀lì sórí, gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù

Àbúrò mi tó ní òun ti ka àkòrí sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíńtín tí wọ́n fi kọ́ ara wa, lẹ́ẹ̀mẹta, tó ya àwòrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá, àmọ́ tó jẹ́ pé bí olùkọ́ bá ti béèrè ìbéèrè báyìí ńṣe lorí rẹ̀ máa ń ṣófo, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn lọ́dún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nínú PTS, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń yọ àwọn tí kò bá pegedé kúrò, 34 ni mo gbà nínú ìdánwò Anatomy àkọ́kọ́. Àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí mo yà lọ́jọ́ náà sì rẹwà o. Bírò aláwọ̀ mẹ́rin ni mo fi yà á. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ó dára. Kí ló ń ṣe?", wọ́n wá fún mi ní máàkì méjì.

Nígbà tí a tún ìdánwò náà ṣe, mo gba 52. Kì í ṣe pé ó yé mi o, mo kàn há a sórí ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Mo mọ orúkọ gbogbo ará ilé, mi ò mọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe níbẹ̀.

Ọdún kejì ló tó yé mi, wọ́ọ̀dù ló sì ti yé mi. Dókítà ní ká gba ẹ̀jẹ̀ bàbá kan fún E and U, àyẹ̀wò tó ń wọn urea àti àwọn iyọ̀ bíi sodium àti potassium nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan bàbá náà ò hàn, Sísítà tó yẹ kó dúró tì mí sì ti lọ pín oògùn. Mo mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, mo fa ẹ̀jẹ̀ náà tagbáratagbára, mo tún fi ipá tì í gba ojú abẹ́rẹ́ kan náà wọ inú ìgò, mo wá ń mì ín bí ẹni ń po tíì. Lọ́sàn-án, èsì dé: potassium 7.6. Ẹni tó bá mọ̀ pé àárín 3.5 sí 5.0 ló yẹ kó wà á mọ ìdí tí dókítà fi sáré. Potassium tó tó bẹ́ẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù wá, wọ́n so wáyà mọ́ bàbá láyà. Bàbá ní tiwọn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń bi wá pé kí là ń wá láyà àwọn. Ọkàn wọn ń lù geere.

Mátírọ́nù wa, tí kì í pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí láàbù. Wọ́n gbé ìgò náà sójú fèrèsé. Bí ẹ̀rọ bá ti yí ẹ̀jẹ̀ tán, omi tó bá lé sókè yẹ kó dà bí òróró ẹ̀pà. Tèmi dà bí zobo.

"Kí ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì?"

Mo bẹ̀rẹ̀: nucleus, mitochondria, Golgi, ribosome...

"Àga àti tábìlì lò ń kà fún mi yẹn. Mo ní ta ló ń gbé inú ilé náà?"

Potassium ni. Nǹkan bí 140 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, 4 péré ló wà níta. Ti sodium yí padà sí èyí: ìta ló ti pọ̀, nǹkan bí 140, inú ò ju 10 sí 15 lọ. Ohun tó sì ń pa ààlà náà mọ́ ni awọ sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó wà lára awọ yẹn tó ń ti sodium mẹ́ta síta, tó ń fa potassium méjì wọlé, tọ̀sán-tòru, tó ń fi ATP, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó, sanwó iṣẹ́. Èmi ti fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti mímì bẹ́ awọ náà. Potassium tú síta, haemoglobin, èròjà pupa tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, náà tú síta pẹ̀lú rẹ̀. Inú ìgò mi ni potassium ti pọ̀, kò pọ̀ lára bàbá. Ìgbà yẹn náà ló yé mi ìdí tí a kì í fi tú abẹ́rẹ́ potassium chloride tí a kò tíì fi omi là sínú iṣan èèyàn láé. Ọkàn ń fi ìyàtọ̀ àárín inú àti ìta yẹn ṣiṣẹ́ ni. Tí ìta bá kún lójijì, iṣẹ́ dúró.

Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ láti orí nucleus, ọ̀gá tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, bí gbogbo ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, ìlà méjì. Orí ọ̀rá náà fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ ò fẹ́ rí omi sójú, ìdí nìyẹn tí ìrù fi kọjú sí ìrù láàárín, tí orí wà lápá ìta àti lápá inú. Afẹ́fẹ́ oxygen á gba ibẹ̀ kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Iyọ̀ ò lè kọjá, àfi tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún un. Omi ní tiẹ̀, ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ló máa ń tẹ̀ lé.

Tí o bá fẹ́ fojú rí i, gé iṣu tútù bí ìka ọwọ́. Fi mélòó kan sínú omi lásán, fi ìyókù sínú omi tí o da ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta sí. Nígbà tí mo ṣe é ní hostel, ti omi iyọ̀ ti rọ nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ń tẹ̀ bí rọ́bà. Ti omi lásán le gan-an, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló dá pẹ́kẹ́. (Iṣu ọ̀rẹ́ mi ni. Ó bá mi jà fún ọjọ́ méjì.)

Ṣùgbọ́n wo ibì kan dáadáa níbẹ̀. Iṣu inú omi lásán le ni, kò bẹ́. Kí ló dé? Ó ní ògiri lẹ́yìn awọ rẹ̀. Ògiri yẹn náà ni Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí lára kọ́ọ̀kì, èèpo igi kan, ní 1665 tó fi pè é ní sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kékeré. Ohun tó wà nínú ti kú, ó ti gbẹ, yàrá òfìfo ló rí. Sẹ́ẹ̀lì tiwa ò ní ògiri. Ju sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sínú omi lásán, á wú, á bẹ́. Ìdí nìyí tí gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án fi wà nínú lítà normal saline kan, omi iyọ̀ tí a ń fà síni lára bíi dírípù, ìyẹn 0.9%, tí a kì í sì í fa omi lásán tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ sí aláìsàn lára bíi dírípù. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e dání tó fẹ́ gbé e kọ́, torí pé ike méjèèjì jọra. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Bakitéríà náà ní ògiri. Ibẹ̀ ni penicillin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń mú wọn: kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ògiri mọ, omi á ya wọlé, wọ́n á bẹ́. Nítorí pé àwa ò ní ògiri, kò rí tiwa wó. Kòkòrò ibà kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn ò tilẹ̀ ní rárá. Síbẹ̀ àwọn èèyàn wa á fún ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣe yọ́yọ́ ní ampicillin, ẹbí penicillin kan, tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbàtà. Tí o bá lóye àkòrí yìí, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún ìyá ọmọ náà, wàá sì lè ṣe é láìbú u.

Ẹ̀jẹ̀ pupa ni mo fẹ́ kí o dúró lé lórí jù, torí kò sí ọjọ́ tí o ò ní fọwọ́ kàn án. Kò ní nucleus, kò ní mitochondria, kò ní ribosome. Ó kó gbogbo ẹrù wọ̀nyẹn dànù kí àyè lè gba haemoglobin. Ó ń gbé oxygen kiri ara láìlò ó fún ara rẹ̀ rárá, bí awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri tí kì í bù ú jẹ. Nítorí pé kò ní nucleus, kò lè tún ara rẹ̀ ṣe, nǹkan bí 120 ọjọ́ ló ń lò kó tó kú. Rántí 120 yẹn nígbà tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe HbA1c fún alátọ̀gbẹ: ara haemoglobin ni ṣúgà ti lẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò náà fi lè sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, bí aláìsàn tilẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó wá.

Fòníkú-fọ̀ladìde náà, ibẹ̀ ló wà. Amino acid kan ṣoṣo, ìyẹn bíríkì tí wọ́n fi ń mọ protein, ló yàtọ̀ nínú haemoglobin: níbi tó yẹ kí glutamic acid wà, valine ló wà níbẹ̀. Tí oxygen bá dínkù, haemoglobin náà á so pọ̀ bí ìgàn òwú, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bí dòjé, á le, á dí iṣan tóóró. Ìrora tó ń mú ọmọ náà ké nìyẹn. Dípò 120 ọjọ́, 10 sí 20 ló ń lò, ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi máa ń pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í kún. Ìdí tí a fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mu omi? Padà sọ́dọ̀ iṣu inú omi iyọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí omi ti fà kúrò nínú rẹ̀, haemoglobin inú rẹ̀ á fún mọ́ra, á tètè so pọ̀.

Àwọn tó kù, mi ò ní fi wọ́n dá ọ dúró. Mitochondria ló ń ṣe ATP. Oró cyanide inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń dá iṣẹ́ rú, oxygen á wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ò ní rí i lò. Ribosome ń ṣe protein, ti bakitéríà sì yàtọ̀ sí tiwa, ìyẹn ni àwọn oògùn bíi gentamicin àti erythromycin fi ń rí wọn mú. Smooth ER, àwọn ọ̀nà tín-ín-rín onáwọ inú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, torí ibẹ̀ ni ara ti ń yọ oró ọ̀pọ̀ oògùn nù. Golgi ní tiẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ: ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò tíì sí aláìsàn kan tó mú mi ronú kan Golgi. Òun ló ń di ẹrù protein. Mọ̀ ọ́n fún ìdánwò, kí o máa lọ.

Yọ àwòrán yẹn kúrò lára ògiri. Gbé ìwé kékeré kan sápò nígbà tí o bá ń lọ sí wọ́ọ̀dù, kí o kọ orúkọ àìsàn kan tí o rí lọ́jọ́ náà, kí o wá bi ara rẹ ní alẹ́ pé apá wo nínú sẹ́ẹ̀lì lọ̀rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ tí kò bá yé ọ, bi ẹni tó ju ọ́ lọ. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n á dá ọ lóhùn.

Ní ti bàbá ọjọ́ yẹn, mo tún ẹ̀jẹ̀ wọn gbà nírọ̀lẹ́, Mátírọ́nù dúró tì mí gbagbaagba. Abẹ́rẹ́ tó yẹ, jẹ́jẹ́, mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò kí n tó da ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. 4.2. Nígbà tí mo ń lẹ òwú mọ́ wọn lápá, bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ti àárọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa dá a padà fún mi?"