Ọ̀bẹ bàbá Gurkha

Ìyá Ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Aldershot, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Ọdún méjì ló fi tọ́jú ìyàwó bàbá ará Nẹpálì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun Gurkha, ìyẹn àwọn ọmọ Nẹpálì tó ń ṣe ológun fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà kú lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá pè é, ó fi nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé lé e lọ́wọ́. Nígbà tó délé tó tú u, khukuri ló bá níbẹ̀, ọ̀bẹ ńlá tí irin rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, èyí tí bàbá tó bí bàbá náà gbé bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ jù ú sódò nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti mu. Ó wá ń bi mí bóyá kóun gbà á, kóun dá a padà, tàbí kóun jù ú nù.

Ìyá Ìbejì, o kú aájò ìyá náà.

Má jù ú sódò o. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹni tó bá mú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ rìn níta láìní ìdí tó tọ́ ti rú òfin. Kí lo máa sọ fún ọlọ́pàá tó bá bá ọ létí odò? Ibi tó tiẹ̀ já mi láyà jù nínú lẹ́tà rẹ ni pé inú báàgì, nínú bọ́ọ̀sì, lo fi gbé e délé.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, sọ fún ọkọ rẹ pé ohun tí àdá jẹ́ fún àwọn bàbá wa lóko ni khukuri jẹ́ fún àwọn ará òkè Nẹpálì. Òun ni wọ́n fi ń la igi ìdáná, òun ni wọ́n fi ń pa ewúrẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti fà á yọ, kò gbọdọ̀ padà sínú àkọ̀ láìmu ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni. Ta ni ì bá máa fi í ṣẹ́gi? Lóòótọ́, tìrẹ yìí lọ sógun. Àwọn tiwa náà lọ: ní 1944, ọmọ ogun Nàìjíríà àti Gurkha jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Chindits, tó wọ igbó Bọ́mà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi gbé búláńkẹ́ẹ̀tì ológun bọ̀ láti ibẹ̀, orí rẹ̀ la sùn dàgbà, a ò sì bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Iṣẹ́ rẹ ló ń kọ mí lóminú, àti àwọn ọmọ bàbá. Ibi iṣẹ́ ìtọ́jú kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀bùn olówó iyebíye lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú tàbí ìdílé rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, fún máníjà rẹ lọ́la, kí ẹlòmíì tó bá ọ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, lọ kí bàbá, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ bá wà nílé. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè fi ogún ìdílé tọrẹ lọ́sẹ̀ yìí, kó wá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bi í lójú ọmọ rẹ̀ pé, “Bàbá, ṣé àwọn ọmọ mọ̀ sí i?” Tí ojú ọmọ bá kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ní kó wá gbé e nílé rẹ, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, tí máníjà náà sì gbà, gbà á, kí o fún bàbá ní pẹ́nì kan. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ gbà pé pẹ́nì yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ gé ọ̀rẹ́.

Tó bá dúró sọ́dọ̀ rẹ, tì í mọ́ ibi tí àwọn ìbejì ò lè dé. Fi òróró díẹ̀ nu irin rẹ̀. Tí o bá ń fà á yọ, má fi ìka ká àkọ̀ níhà ibi tó mú. Igi tí wọ́n fi awọ bò ni, ojú rán rẹ̀ lè ti là látọjọ́ pípẹ́. Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọwọ́ rẹ kọ́ ni kó fara gbá a.

Ó kù kan. O ní àyè ọ̀bẹ kékeré méjì ló wà lẹ́yìn àkọ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí kò mú ló sì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni chakmak, tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ńlá. Èyí tó mú, karda, ló sọnù. Bi bàbá bóyá ìyá ló mú un lọ sílé ìdáná.