Èsì: Ìlú kékeré tó sún mọ́ Òṣogbo

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní Òṣogbo ni wọ́n gbé iṣẹ́ yín lọ, pé ẹ ò fẹ́ ariwo ìgboro, ìlú kékeré tó lọ́yàyà lẹ fẹ́ máa ti lọ, kí ẹ máa ti bọ̀. Ẹdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe abúlé o, ìlú tí ọba Tìmì ń jọba lé lórí ni, ṣùgbọ́n ara tuni níbẹ̀ ju Òṣogbo lọ, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn. Pọlí ìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Redeemer's wà níbẹ̀, nítorí náà àlejò kì í ṣe tuntun lójú wọn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé agboolé kan náà, wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ ọdún ara wọn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ìkìrun náà dára, àmọ́ ó jìnnà sí Òṣogbo ju Ẹdẹ lọ.

Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ wọ mọ́tò láàárọ̀ Mọ́ńdè bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá mọ́tò ṣì ń ná ọ̀nà náà tílẹ̀ bá ti ṣú, àti bóyá kànga ilé máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn aládùúgbò ni kí ẹ bi, kì í ṣe onílé nìkan.