Kọ bí owó ṣe rìn sílẹ̀

Àbúrò mi tó béèrè láti Ọ̀yọ́ bóyá kí òun fọwọ́ ara òun hun sọ́fítíwià ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù látìbẹ̀rẹ̀, àbí kí òun lo bátànì táwọn èèyàn ti lò rí: lo bátànì. Ojú mi rí màbo kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Alájọ kan nítòsí Tákìé, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni mo kọ́kọ́ ṣe é fún. Iye kan ṣoṣo ni mo ń tọ́jú fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Tó bá dá 500 náírà, kóòdù mi á rò ó pọ̀, á sì pa iye àná rẹ́. Lọ́jọ́ kan nẹ́tíwọ̀kì já, ọmọ tó ń gbowó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá aláta kan mú káàdì rẹ̀ wá: ilà 14 ló wà lórí ẹ̀, owó ọjọ́ 15 ló wà lórí fóònù. Ọjọ́ wo ló di méjì? Mi ò lè mọ̀, èmi fúnra mi ni mo pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́. Òru mẹ́ta gbáko la fi tẹ́ káàdì sórí ẹní, tá à ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí káàdì yẹn ń ṣe gan-an ni bátànì tó yọ mí. Gbogbo ìgbà tí owó bá ti rìn, kọ ọ́ lọ́tọ̀: ọjọ́, iye, ẹni tó gbà á, àti nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Má pa á rẹ́ láéláé. Tí àṣìṣe bá wà, kọ òdìkejì rẹ̀ sábẹ́. Iye tó kù, ńṣe ni kó o máa ṣírò rẹ̀ látinú àkọsílẹ̀. Owó ọjọ́ kan tí alájọ ń mú lóṣù náà, kọ ọ́ pé ó jáde lọ́dọ̀ oníbàárà, ó wọlé sọ́dọ̀ alájọ. Nígbà tí mo fi ṣe ti oníkajú kan, ìyẹn ẹni tó ń ra kajú jọ, àpò kajú ló kàn rọ́pò náírà.

Ìkejì ni pé kó o ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ipò tó wà. Ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe onídùúró fẹ́lòmíì. Mo kọ obìnrin kan síbi méjì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ àti gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ibì kan la tún ṣe. Ìkìlọ̀ gbèsè lọ sórí nọ́ńbà àtijọ́, ó sì ti wà lọ́wọ́ àna rẹ̀. Ó sunkún níwájú mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n mo tún ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ipò bẹ́ẹ̀ fún oníkajú náà, bẹ́ẹ̀ òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń ra ọjà, wọn ò nílò rẹ̀. Mo yọ ọ́.

Kó o tó kọ kóòdù kankan, jókòó ti akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, kó o máa wo gbogbo ibi tó bá ti fi bírò fa ilà sórí nǹkan tó ti kọ tẹ́lẹ̀.